Ọta Tí Ìbọn Lempi Harjula Ń Jẹ

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ìbúra bẹ̀rẹ̀, nítorí mo mọ irú ojú tí ẹ máa ń fi wò mí. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, òótọ́ pọ́ńbélé ni, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Bí mo bá bu irọ́ mọ́ ọn, kí yìnyín orí Adágún Supíríọ̀ là sí méjì lábẹ́ àpótí tí mo ń jókòó lé pẹja, kí omi gbé èmi, ìwọ̀ mi àti kọfí mi lọ. Ẹni tó bá mọ bí mo ṣe fẹ́ràn kọfí tó yóò mọ̀ pé ìbúra ńlá ni mo ṣe yẹn.

Ọ̀rọ̀ Lempi Harjula ni. Kò sí ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Ahola níbí tí kò jẹun lọ́wọ́ obìnrin náà rí, nítorí òun ló ń dáná ní ilé-ìwé wa láti ayé ìgbà tí a ṣì ń wa bàbà nílẹ̀ títí di ìgbà tí wọ́n ti ibi ìwakùsà pa, tí àwọn ọ̀dọ́ sì fọ́n ká. Nígbà yẹn, apá rẹ̀ dà bí ìtì igi. Mo fi ojú ara mi rí i lọ́jọ́ kan tó gbé ìkòkò ọbẹ̀ lọ́wọ́ kan, tó fi ọwọ́ kejì la ọmọ méjì tó ń jà, ọbẹ̀ kò sì ta sílẹ̀. Àwọn kan ní ìkòkò náà ò kún. Àwọn yẹn ò sí níbẹ̀.

Ogbó dé, làkúrègbé sì bá a wọlé. Ìka rẹ̀ lọ́ bíi gbòǹgbò tó bá òkúta pàdé nílẹ̀. Ìgò oyin rẹ̀, aládùúgbò ló ń bá a ṣí i. Arvo ọkọ rẹ̀ kú, ó sì ku òun nìkan nínú ilé tó wà ní ìparí ọ̀nà adágún, níbi tí ọkọ̀ tó ń kó yìnyín kúrò lójú títì ti máa ń yí padà. Ohun tí Arvo fi sílẹ̀ fún un kò ju ilé yẹn, ilé ìwẹ̀ olóoru tó wà lẹ́yìnkùlé, àti ìbọn ìléwọ́ kan.

Ìbọn ọ̀hún ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí. Ìbọn ìtafojúsùn ni. Ọta tó kéré jù lọ ló ń jẹ, èyí tí à ń pè ní méjìlélógún, tí kò gùn ju oríkèé ìka kan lọ. Kò pariwo púpọ̀, kì í tàpá, irin òkè tí à ń fà sẹ́yìn kò le jù, ìdí nìyẹn tí ìyá àgbàlagbà fi lè yìn ín. Ìbọn náà sì yan oúnjẹ bí aboyún. Kò fẹ́ ọta tó ń sáré. Kò fẹ́ èyí tí wọ́n fi bàbà bò. Òjé lásán, tí orí rẹ̀ rí róbótó, tó rọra ń lọ jẹ́jẹ́, ìyẹn ló ń jẹ tí kò fi ń pọ̀ ọ́.

Gbogbo ọ̀sán Ọjọ́rú nígbà òtútù ni a máa ń pàdé nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ Ẹgbẹ́ Ọdẹ àti Apẹja, àwa arúgbó tí kò níṣẹ́ méjì, a ó tò sórí ìlà, a ó máa yìnbọn sí bébà tí wọ́n ya àmì sí; ìyẹn là ń pè ní ta bébà. Ọwọ́ kan la fi ń yìnbọn níbẹ̀. Ọwọ́ kejì á wà nínú àpò. Onni Saari ló ń pàṣẹ. Bí ìbọn rẹ bá sì kọ̀ tí kò dún, òfin wà. O kò gbọdọ̀ tún un ṣe. O kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, o kò gbọdọ̀ wẹ̀yìn. Kí o dúró gbọin, kí ẹnu ìbọn kọ sí ọ̀nà bébà, kí o wá na ọwọ́ kejì sókè bí ọmọ ilé-ìwé tí ìtọ̀ ń gbọ̀n. Onni yóò rìn wá láti ẹ̀yìn, yóò yọ ọta náà, yóò wo etí rẹ̀ bóyá irin gbá a. Bí irin bá gbá a tí kò bú, yóò ní, “Àwáwí wọlé,” wọn ó sì jẹ́ kí o tún un yìn. Ṣùgbọ́n bí o bá fi ọwọ́ ara rẹ kan ìbọn náà kó tó dé, àwáwí rẹ kú nìyẹn. Láti ìgbà tí irun orí Lempi ṣì pọ́n, kó tó funfun, ló ti ń pa òfin yìí mọ́. Mi ò rí ẹni tó pa á mọ́ tó o.

Wàyí o, lọ́dún tí mò ń wí yìí, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í já ilé etí adágún. Àwọn ilé tí àwọn ará ìlú ńlá máa ń wá sùn nígbà ooru ni wọ́n kọ́kọ́ ń já, a ò sì bìkítà púpọ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ jí níbẹ̀, bàtà ìwẹ̀dò? Nígbà tó yá, wọ́n já ilé ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Ọlọ́pàá tó sún mọ́ wa jù, kó tó wa ọkọ̀ dé nínú yìnyín, olè á ti jẹun, á ti fọ abọ́.

Ni Royce, ọmọ Lempi, bá wakọ̀ gòkè láti Lansing, ìlú tó ń gbé. Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n bó bá ti gbá ohun kan mú, kì í jù ú sílẹ̀. Mo wà nílé Lempi lọ́jọ́ náà, mò ń jẹ búrẹ́dì nisu rẹ̀, búrẹ́dì aládùn àwọn ará Finland, nítorí náà ó ṣojú mi, kò sí ẹni tó sọ fún mi.

“Màmá, ẹ kó ẹrù yín, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Yàrá yín ti wà ńlẹ̀ nílé ìtọ́jú àwọn àgbà. Ẹ̀rọ tó ń gbéni gòkè wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀.”

“Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe ní Lansing? Ta ni mo mọ̀ níbẹ̀?”

“Ẹ mọ èmi.”

“Ìwọ ni mo bí. Mi ò mọ̀ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Mo rẹ́rìn-ín, Royce wò mí bíi pé kí n máa lọ sílé mi. Mo tún bu búrẹ́dì.

“Bí olè bá wọlé tọ̀ yín wá ńkọ́?”

“Ìbọn bàbá ẹ wà lọ́wọ́ mi.”

“Ìyẹn? Màmá, ìbọn eku nìyẹn! Ẹ gba tèmi.” Ó yọ ìbọn ìléwọ́ tirẹ̀, dúdú, ńlá, ó já ọta inú rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé e lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. “Ẹ fa irin òkè yẹn sẹ́yìn.”

Lempi fà á. Kò mì. Ó fi itan fún un mọ́lẹ̀, ó tún fà á. Ojú rẹ̀ pọ́n. Royce bojú wo fèrèsé. Èmi náà wo inú ife mi, nítorí àwọn nǹkan kan wà tí kò dáa kéèyàn wò.

“Gba ìbọn ẹ,” ó ní. “Mi ò lè fà á.”

Bí wọ́n ṣe fẹnu kò nìyẹn: kó máa gbé ilé rẹ̀ títí di ìgbà tí yìnyín bá yọ́ lórí adágún, pẹ̀lú àdéhùn pé ìbọn Arvo yóò máa wà nítòsí rẹ̀ pẹ̀lú ọta gidi nínú. Bí kò bá sí ohun tó ṣẹlẹ̀, Royce kò ní dárúkọ Lansing mọ́. Bí ohun kan bá ṣẹlẹ̀, kí Màmá wọ ọkọ̀ láìjanpata. Lempi fọwọ́ sí i. Ilé rẹ̀ wá di ohun tó wà lórí ọta kékeré tí kò ju oríkèé ìka lọ.

Ọta ọ̀hún dà? Ọdún yẹn gan-an ni ọta méjìlélógún wọ́n ní gbogbo Amẹ́ríkà bí omi láṣálẹ̀. Ẹ̀rù ń ba àwọn kan pé ìjọba fẹ́ fòfin dè é, wọ́n wá ń rà á tọ́jú. Ẹ̀rù ba àwọn tó kù pé àwọn tí ẹ̀rù ń bà yóò rà á tán, àwọn náà sì rà á. Pẹpẹ ìsọ̀ Gordon Trevarrow gbẹ bí ẹnu aláàwẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni àwọn ọkùnrin ti ń tò síwájú ìsọ̀ rẹ̀, yìnyín á bò wọ́n lórí, o ò ní dá ẹnì kan mọ̀ yàtọ̀ sí ẹnì kejì. Mo kí òpó iná kan fún ìgbà pípẹ́.

Lempi wọlé, ó gbọn yìnyín kúrò lára. Àwa mẹ́ta ti jókòó ti sítóòfù: èmi, Onni, àti Clovis Pelkey. Clovis yìí, kò sí ohun tí kò mọ̀ nípa ìbọn àfi bí wọ́n ṣe ń ta bébà.

“Gordon, ọta mi dà?”

“Màmá Lempi, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sunkún o. Kí ọkọ̀ tó já a sílẹ̀ tán ni wọ́n ti ń kó o. Páálí kan ṣoṣo ni mo fi pa mọ́ fún yín, kì í sì í ṣe irú èyí tẹ́ ẹ máa ń rà.” Ó yọ ọ́ láti abẹ́ káńtà. Ọta tí wọ́n fi bàbà bò ni, ó ń dán yinrinyinrin, orí rẹ̀ ní ihò.

Clovis dìde. “Háà! Èyí gan-an lọta! Ó ń sáré bí iná. Ṣẹ́ ẹ rí ihò orí ẹ̀ yẹn? Tó bá wọ ara ẹni, ńṣe ló máa ṣí bí òdòdó.”

“Ta ló sọ fún ẹ pé mo fẹ́ gbin òdòdó sára ẹnikẹ́ni?”

“Mò ń ṣàlàyé ni, Ìyá Royce.”

“Àlàyé ẹ, inú ìbọn gígùn lo ti rí i,” Onni ní. “Láti inú ìbọn kúkurú bíi tiẹ̀ yìí, ọta kékeré kì í lágbára tó láti ṣí bí òdòdó kankan. Kó wọlé jìn ló ṣe pàtàkì. Òjé lásán ló dáa.”

“Òjé lásán! Ìyẹn fún bébà ni. Ṣé bébà ló ń jalè?”

“Clovis, bébà gan-an ò tíì bẹ̀rù rẹ rí.”

Gordon na ọwọ́ sókè. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ọta méjìlélógún, àti èyí tó ń sáré àti èyí tó ń rìn, etí ni iná ẹ̀ wà. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, iná yẹn kì í dé ibi tí irin gbá. Á kọ̀. Kò sí ẹni tó lè fojú mọ èyí tó máa kọ̀. Màmá, ẹ wo ìbọn yìí.” Ó gbé ìbọn kan tí ikùn rẹ̀ ń yí jáde. “Èyí, bí ọta kan bá kọ̀, ẹ kàn tún fà á ni, òmíràn á bọ́ sípò.”

Ọ̀rọ̀ ọlọgbọ́n nìyẹn. Lempi gba ìbọn náà, ó kọ ọ́ sí ògiri, ó fi ìka fà á. Irin náà sún díẹ̀, ó dúró. Ó fi ìka méjì sí i. A gbọ́ bí igi ṣe ń jó nínú sítóòfù. Ajá Clovis pàápàá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Ó le,” Lempi ní.

“Mo lè bá yín fi fáìlì ha á kó rọ̀,” Gordon ní.

Onni mi orí. “Tó bá rọ̀ tó bí ìka Lempi ṣe fẹ́, irin ò ní lè gbá ọta dáadáa mọ́. Á tún máa kọ̀.”

Gbogbo ọ̀nà tí a gbà, ògiri ni.

Ó ra páálí olórí ihò náà, a gbé e lọ sí yàrá ẹgbẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ìbọn Arvo gbé àkọ́kọ́ mì, ó dún gbàù. Ó gbé èkejì dé ọ̀nà ọ̀fun, ó há. A yọ ọ́. Ìkẹta há. Ìkẹrin dún, àpò ọta tó ṣófo kò jáde tán, irin òkè gé e jẹ bí ẹja tó gé ìwọ̀ jẹ. Clovis ní kí á fi òróró sí i. A fi òróró sí i. Òróró ta sí Clovis lójú, ọta ṣì há síbẹ̀.

Ohun tó kù ni èyí tó wà nílé Lempi tẹ́lẹ̀: díẹ̀ nínú ọta òjé tó ń rọra lọ, tó kù nínú páálí tó ti rà kó tó di pé ọ̀wọ́n dé. Ìyẹn ni ìbọn náà ń jẹ láìṣàròyé. Ṣùgbọ́n bó bá fi wọ́n ta bébà títí òtútù yóò fi tán, kò ní ku ọ̀kan fún olè. Onni ní òun ní ọta òjé àtijọ́ kan nínú àjà ilẹ̀ òun, ṣùgbọ́n omi ti wọ̀ ọ́ rí. Ìdajì rẹ̀ ń dún, ìdajì ń kọ̀.

Lempi rò ó. A rí i bó ṣe ń rò ó. Ó wá ní, “Onni, fún mi ní tìẹ. Èyí tó dáa á wà nílé nínú ìbọn lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, màá yọ ọ́, màá fi tìẹ ta bébà. Bó bá kọ̀ níbí, kí ló bàjẹ́? Àwáwí ni.”

Gbogbo wa ní ọgbọ́n nìyẹn. Clovis pàápàá, ẹni tí kì í gbà fún ẹnikẹ́ni, kan sáárá sí i. Ẹ gbọ́ mi, mo ti darúgbó, mo sì ti gbọ́ ọgbọ́n púpọ̀. Mi ò gbọ́ èyí tó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó rí ihò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Bí òtútù ọdún yẹn ṣe lọ nìyẹn. Lempi á dúró lórí ìlà, ọwọ́ òsì nínú àpò kótù. Gbàù. Gbàù. Kẹ́. Ọwọ́ òsì á gòkè. Onni á wọ́ ẹsẹ̀ wá, á yẹ ọta wò, á ní, “Àwáwí wọlé.” Gbàù. Kẹ́. Ọwọ́ á tún gòkè. Onni ní Lempi ni yóò ra bàtà tuntun fún òun.

“Ìyá Royce,” Clovis ní, “ṣé ìbọn lẹ wá yìn ni àbí ẹ wá ń kí èèyàn? Gbogbo ìgbà lọwọ́ yín ń bẹ lókè.”

“Ìwọ tí tìẹ ń dún, kí lo rí ta? Bébà rẹ mọ́ bí aṣọ ìyàwó.”

A rẹ́rìn-ín títí. Ọwọ́ obìnrin yẹn gòkè lọ́dún náà tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbà pé bó bá ń sùn, bí ilẹ̀kùn bá kàn ní “kẹ́,” yóò gòkè.

Nígbà tó yá, oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá. Yìnyín orí òrùlé ń kán tótó. Lórí adágún, omi ti ń sun lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni, mo ti gbé àpótí ìpẹja mi wálé. Ó kù díẹ̀. Lempi gan-an ń wo adágún láti fèrèsé ìdáná rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ìkòkò lórí iná.

Ọ̀sán ni. Ó ti gbé búrẹ́dì nisu sínú ààrò, ó lọ sẹ́yìnkùlé láti kó igi tí yóò fi dá iná ilé ìwẹ̀. Ìbọn wà nínú àpò kótù rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Nígbà tó fi padà wọlé, ọkùnrin kan wà nínú ìdáná, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń tú kọ́bọ́ọ̀dù tí oògùn wà. Ọ̀dọ́ ni, ó gùn, ó gbẹ bí igi ìpẹja. Ìgò oògùn làkúrègbé Lempi ti wà nínú àpò rẹ̀.

Igi bọ́ lọ́wọ́ Lempi. Ọkùnrin náà yí padà, ó gbá irin tí wọ́n fi ń ko iná mú, ó gbé e sókè. Lempi yọ ìbọn. Kò wárìrì. Ó sọ fún wa pé ọwọ́ òun dúró ju bó ṣe ń dúró níwájú bébà lọ. Ó fà á.

Kẹ́.

Ọta gidi o! Ọta tó ti ń tọ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ òtútù, tí kò jẹ́ kí omi kàn, tí kò fi ta bébà kan ṣoṣo. Bí Gordon ṣe wí gẹ́lẹ́ ni, kò sí ẹni tó lè fojú mọ̀ ọ́n.

Kí ló kù tó lè ṣe? Bó bá lè fa irin òkè sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú gbogbo ìrora rẹ̀, ọta kejì á bọ́ sípò. Kò fà á. Lempi Harjula kọ ẹnu ìbọn sí iwájú, ó dúró gbọin, ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè tààrà, ó sì ń dúró de Onni.

Ó ní òun ń retí ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn òun. Ó ní òun mọ̀ pé ìdáná ni òun wà, òun rí ọkùnrin náà, òun rí irin lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ òun ti gòkè, òun kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kalẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan wí pé kí òun sọ ọ́ kalẹ̀. Èéfín ti ń jáde lára ààrò, búrẹ́dì ń jóná, kò lè yíjú wò ó.

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ yẹn. Ó wo ojú rẹ̀. Irin bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀.

“Ìyá Olóúnjẹ?” ó ní.

Orúkọ tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè é nìyẹn.

Lempi kò dáhùn. Òfin ni, èèyàn kì í sọ̀rọ̀ lórí ìlà.

Ọkùnrin náà rìn wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni gba síbí lọ́wọ́ ọmọ tó ń sùn. Ó ní, “Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀.” Ọwọ́ náà sì wálẹ̀. Ó fi ìbọn Arvo sápò, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, oògùn náà sì bá a lọ.

Nígbà tí ọlọ́pàá fi dé, ilẹ̀ ti ń ṣú. Wọ́n bi í léèrè bóyá ó mọ ọkùnrin náà. Ó ní ojú náà kò ṣàjèjì, òun ti bu oúnjẹ sábọ́ rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n orúkọ kò wá. Èmi náà bi í lọ́nà tèmi. Orúkọ kò wá. Àwọn ọmọ tó bọ́ pọ̀ ju orúkọ lọ.

Ṣé ẹ mọ̀ pé bó bá dákẹ́, Royce kò ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Ilẹ̀kùn kò fọ́; kì í tì í tẹ́lẹ̀. Ó lè sọ pé ìbọn sọnù nínú yìnyín. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀, ní ojú rẹ̀, pé kí ó ní ìbọn náà bọ́ sódò.

“Royce bi mí, mo sọ fún un,” ó ní. “Àdéhùn ni.”

“Àdéhùn kì í ṣe Ìwé Mímọ́.”

“Ìwọ lo mọ̀ bẹ́ẹ̀.”

Royce dé ní ọjọ́ kejì. Mo rò pé yóò pariwo, pé yóò ní “ṣé mo sọ?” Ńṣe ló jókòó sórí àga bàbá rẹ̀, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó ń wo àwọn ìka yẹn. Lójú fèrèsé, a rí yìnyín adágún tó ti là, ó ń lọ ní ẹyọ ẹyọ. Bí olè náà bá sùn lọ díẹ̀ sí i! Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bẹ olè pé kó sùn?

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n tó lọ, ó ní kí Royce ya ẹgbẹ́ wò pẹ̀lú òun. A ti tò sórí ìlà. Ó dúró lẹ́yìn, nínú kótù rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì nínú àpò. Clovis, ẹni tí kì í dákẹ́, wá àwàdà nínú ikùn rẹ̀, kò rí ọ̀kan. Ó yọ fìlà.

“Onni,” Lempi ní.

“Mò ń gbọ́, Lempi.”

“Tó bá jẹ́ pé o wà níbẹ̀, ṣé o máa gba àwáwí náà fún mi?”

Onni jẹ́ olóòótọ́ ju bó ṣe yẹ kí ẹ̀dá jẹ́ lọ. A wò ó pé kó purọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó họ ẹ̀yìn ọrùn.

“Ọta ọ̀hún dà, kí n wò ó?”

“Ó wà nínú ìbọn.”

“Ìbọn ńkọ́?”

“Ó ti lọ.”

“Hẹn-ẹn,” Onni ní, ohùn rẹ̀ ti wọlẹ̀. “Mi ò rí ọta. Báwo ni màá ṣe…” Lempi mi orí sí i pé òótọ́ ni. Mo fẹ́ fi ọ̀pá gbá Onni, ṣùgbọ́n bí mo bá gbá a, kí ni yóò yí padà?

Royce ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún un. Okùn ààbò ìjókòó kò ṣeé há fún un, Royce bẹ̀rẹ̀, ó bá a há a. Ní ibi tí wọ́n mú un lọ, kò sí ọ̀nà adágún, wọn kì í gba ìbọn wọlé, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá iná sí ààrò. Mo pè é lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní àwọn nọ́ọ̀sì dára. Ó ní wọ́n ń bá òun ṣí gbogbo ìgò. Ìgbà tó yá, a kàn ń mí sí ara wa létí títí Royce fi gba fóònù.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn, láìfi kún un. Ó dáa, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fi kún un. Búrẹ́dì nisu yẹn kò jóná. Ó pọ́n dáadáa, ó rọ̀, a jẹ ẹ́ tán ní alẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú àwọn ọlọ́pàá, Lempi ló gé e fún wa. Ṣùgbọ́n mo wò ó pé ilé tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ó yẹ kí èéfín díẹ̀ wà níbẹ̀.